Kọ́kọ́rọ́ Ilé Tó Ti Wó

Bí ẹ bá gbé kọ́kọ́rọ́ lọ bá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé kó bá yín gé irú rẹ̀, ìbéèrè kan ló máa kọ́kọ́ bi yín: "Ṣé ìyá nìyí àbí ọmọ?" Ìyá ni kọ́kọ́rọ́ tó bá ilẹ̀kùn dé láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ọmọ ni èyí tí wọ́n gé láti ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ lẹ mú wá, á dá a padà fún yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ lọ mú ìyá rẹ̀ wá, ẹ má bínú." Ó ní kò sí ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ọmọ á fi bíńtín yàtọ̀ sí ìyá, ọmọ-ọmọ á fi bíńtín yàtọ̀ sí ọmọ, nígbà tó bá sì fi máa kan àwọn tó tẹ̀lé ìyẹn, ẹ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ara yín nínú òjò, ẹ ń yí irin tí kò yí.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ há gádígádí. Ilé ìtajà oògùn wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ẹni tó ń tún bàtà ṣe wà lápá òsì. Bí oníbàárà méjì bá wọlé pọ̀, ẹnì kan ní láti fẹ̀yìn rìn jáde kí èkejì tó rọ́nà lọ. Gbogbo ara ògiri ló kún fún kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì léyín, wọ́n rọ̀ sórí ìṣó lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bí bọ́ọ̀sì ńlá bá kọjá lójú títì, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ró wínníwínní, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi á sì gbé ọwọ́ òsì sókè láìwojú wọn, bí ẹni tó ń dá ẹgbẹ́ akọrin dúró. Mo ti rí i tí wọ́n dákẹ́. Bọ́ọ̀sì ló ti kọjá lọ o, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fi hàn bẹ́ẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀, Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é, àwọn kan kì í tilẹ̀ pè é ní nǹkan kan, wọ́n á kàn na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Olórí Akọrin ni. Ọ̀gá báǹkì kan wà nínú àwọn ténọ̀ wa, ọkùnrin tí kì í kí èèyàn lójú títì. Ọ̀gá yìí kò jẹ́ mí tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò bá tíì gbé ìka sókè. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní láyé tí kì í ṣe pé ó gé e láti ara ti ẹlòmíràn nìyẹn.

Èmi ń kọ báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo gba Olúwa gbọ́, mo sì ń gbàdúrà láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àárọ̀ kan wà tó máa ń ṣe mí bíi pé mò ń kan ilẹ̀kùn ilé kan tí kò dá mi lójú pé onílé ṣì ń gbé ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká fa ìyẹn gùn.

Onígbàjámọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun tó wà ní ìkángun àdúgbò, èèyàn dáadáa ni, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ó ra kíbọọ̀dù oníná kan fún ìjọ, òun náà ló sì ń tẹ̀ ẹ́ fún wa. Kò sí ohun tí kò sí nínú kíbọọ̀dù yìí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ìlù á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ òmíràn, àwọn obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò rí á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "áà". Ìjọ fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà pàápàá ń mi èjìká. Ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin inú ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ "áà" wọn, kò sí ẹni tó ń wo ìka ọkọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́.

Ó padà sílé, ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe sí kọ́kọ́rọ́ tí kò bá ṣílẹ̀kùn: ó lọ wá ìyá rẹ̀. Ó ní orin ìsìn tí à ń kọ yìí, ọmọ-ọmọ-ọmọ ni. Àwọn tó mú un wá fún wa gé e láti ara ti àwọn tó mú un wá fún wọn. Ìyá rẹ̀ wà nínú tẹ́ńpìlì àwọn Hébérù. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, Ìwé Mímọ́ kò kúrò lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Èérún idẹ ń já bọ́ sínú rẹ̀ láti ara kọ́kọ́rọ́ tó ń gé, débi pé àwọn ojú ewé tó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Léfì ń dán yinrinyinrin bí ẹni pé wúrà ni wọ́n fi kọ wọ́n. Nígbà tó fi máa pa ìwé náà dé, wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Tẹ́ńpìlì.

"Ẹ gbọ́," ó sọ fún wa nígbà ìdánrawò. "Ásáfù ni olórí akọrin. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Aro. Aro onídẹ méjì tí wọ́n ń gbá pọ̀. Àwọn kan ń ta hápù, àwọn àlùfáà ń fọn ìpè. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, orí àtẹ̀gùn ni wọ́n sì ń dúró sí."

"Bùrọ̀dá, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ibí yìí," ni onígbàjámọ̀ wí. Ó tẹ bọ́tìnnì. "Hápù nìyí." Ó tẹ òmíràn. "Ìpè nìyí. Aro náà rè é, gbóò! Ẹ ò kàn mọ̀ ni, tẹ́ńpìlì ni mo rà fún yín."

"Ásáfù ò tẹ bọ́tìnnì."

"Iná ò tíì dé ìgboro nígbà ayé ẹ̀ ni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ áltò, ló wá béèrè láti ìjókòó rẹ̀: "Bàbá wọn, nínú tẹ́ńpìlì yín yìí, ṣé àwọn obìnrin ń kọrin?"

Mo rí i lójú ọkọ rẹ̀ pé kò tíì ronú débẹ̀. Áltò ló gbé ẹgbẹ́ wa ró, ìyàwó rẹ̀ ló sì gbé áltò ró. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló tó mú èsì dé pẹ̀lú ẹ̀rín: ó ti rí i pé Hémánì, ọ̀kan nínú àwọn olórí akọrin Dáfídì, bí àwọn ọmọbìnrin, àti pé ibi tí wọ́n ti dárúkọ orin ni wọ́n ti dárúkọ wọn.

"Àwọn ọmọbìnrin Hémánì ti gbà wá," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Orin yẹn ńkọ́, Bùrọ̀dá, ìgbà wo gan-an ni wọ́n ń dá a?" Onígbàjámọ̀ ò ní jẹ́ kó sinmi.

"Nígbà tí ẹbọ sísun bá bẹ̀rẹ̀."

"Ewúrẹ́ wa dà?"

"Olúwa wa ni ẹbọ. Ó ti parí."

"Ẹn-ẹ́n. Ewúrẹ́ ti parí, aro ló wá kù."

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló fi mọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọlẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ni í fọ́. Ní ìpàdé ìjọ lẹ́yìn ìsìn, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní: "Ohun tí akọrin tẹ́ńpìlì bá ṣe, a máa ṣe é. Ohun tí wọn ò bá ṣe, a ò ní ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ibi tí mo ti yẹ̀ kúrò lójú ìlà yìí, kó dá mi dúró, ì báà jẹ́ àárín orin ni mo wà."

Pásítọ̀ wa fẹ́ràn òtítọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àlàáfíà díẹ̀ jù ú lọ. Ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Gbogbo wa nawọ́. Onígbàjámọ̀ náà nawọ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ebi ló ń pa òun, òun sì ti rí i pé ìpàdé ò ní parí.

Bí tẹ́ńpìlì ṣe dé bá wa nìyẹn. Wọ́n da aṣọ bo kíbọọ̀dù bí ẹni tó kú. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ yọ idẹ lára àwọn ilẹ̀kùn àtijọ́, ó yọ́ ọ, ó lù ú, ó fi ṣe aro méjì tó tóbi bí ọmọrí ìkòkò. Wọ́n to àga gígùn lé ara wọn, wọ́n pè é ní àtẹ̀gùn, ọ̀gá báǹkì sì jábọ́ láti òkè rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, tòun ti aṣọ funfun. Ìjọ ò tún gbọdọ̀ bá wa kọrin mọ́. Nínú tẹ́ńpìlì, akọrin ló ń kọrin. "Àmín" ni ti àwọn ènìyàn, àti ègbè pé àánú Rẹ̀ kò lópin.

Màmá kan wà tó ti ń kọrin ní ìjókòó iwájú kí wọ́n tó bí Pásítọ̀. Màmá yìí gbé ọ̀rọ̀ náà títí, kò lè gbé e mì.

"Ṣé kí n wá máa wo orin lẹ́nu yín bí ẹni ń wo oúnjẹ ni?"

"Ẹ máa ṣe Àmín, Màmá."

"Àmín sí kí ni? Ìgbà tí mi ò gbọ́ ohun tí ẹ wí? Irin yín ti di mí létí!"

Ohun kan tún wà tí kò sí ẹni tó lè gé, nítorí ìyá rẹ̀ ti sọnù. Onígbàjámọ̀ ló béèrè rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Bùrọ̀dá, ohùn wo gan-an ni Ásáfù fi ń kọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀," ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Nígbà tí wọ́n dáná sun tẹ́ńpìlì náà, ohùn rẹ̀ bá a lọ. Ọ̀rọ̀ ló kù."

Ohùn orin tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ náà la wá ń lò, a kàn fà á gùn ni, kó lè dà bí ohun àtijọ́. Níbi tí wọ́n bá sì ti kọ Sélà sínú Sáàmù, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì fẹnu kò lórí ohun tó jẹ́, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ká dákẹ́ níbẹ̀. A ń dákẹ́. Nínú ọ̀kan nínú ìdákẹ́jẹ́ wọ̀nyẹn ló wá sí mi lọ́kàn pé bóyá bí Ọlọ́run ṣe rí sí èmi náà nìyí: ọ̀rọ̀ Rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ohùn Rẹ̀ ni mi ò tíì gbọ́. Mo gbé ìwé orin sókè, mo fi bojú.

Ẹ wá gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe mọ́ bá a. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ di àṣà pé kí a tó ṣe ìdánrawò, a ó ka díẹ̀ nínú òfin àwọn ọmọ Léfì, ní ẹsẹẹsẹ, láìfo ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kà á. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kíkéde bọ́ọ̀sì nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ibùdókọ̀, ohùn kan náà ló sì fi ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run: kì í yára, kì í falẹ̀, bíi pé Mósè àti àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́ gbéra, kí gbogbo èrò máa wọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi gbé orí sókè lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, nígbà tó dúró lójijì.

"Ó tó gẹ́ẹ́ fún tòní," ó wí.

"A kì í fo ẹsẹ," ọkọ rẹ̀ wí.

"Mi ò ní ká fò ó. Mo ní ká dúró."

"Kí ló dé? Kà á jàre."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu kòtò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òun ti rí i láti òkèèrè, ẹni tí igi fẹ́ gún ló ní kó máa bọ̀. Ó kà á. Ohùn bọ́ọ̀sì náà ló fi kà á: pé ọmọ Léfì tó bá pé ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìsìn, tó bá ti pé àádọ́ta ọdún, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó má sìn mọ́, kó máa bá àwọn arákùnrin rẹ̀ ṣọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe iṣẹ́ náà.

Kò sí ẹni tó wo ògiri. Gbogbo wa ló mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwòrán ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni, èyí tí ìjọ fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ tó pé àádọ́ta ọdún, nọ́ńbà náà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ wúrà, ó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé gíláàsì rẹ̀ ti pọ́n.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bùrọ̀dá, òfin àtijọ́ nìyẹn. Ó ti kọjá."

"Ó ti kọjá!" ni gbogbo ẹgbẹ́ dá lóhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí a máa gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé ó gbé ìka.

"Ó dáa. Bó bá ti kọjá, aro ńkọ́?" ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bi wá.

Gbogbo wa yíjú sí aro náà.

"Àtẹ̀gùn ńkọ́? Aṣọ funfun ńkọ́?"

"Ìyẹn... àwọn yẹn ò tíì kọjá," ọ̀gá báǹkì rọra wí.

A ránṣẹ́ pe Pásítọ̀. Pásítọ̀ dé, ó lálàáfíà lójú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ìgbà náà Dáfídì ní kí ẹni ogún ọdún máa bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ò sì sọ nǹkan kan nípa àádọ́ta.

"Kò ní kí ẹni àádọ́ta dúró," ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kò kúkú ní kó lọ, Olórí Akọrin."

"Pásítọ̀, bí oníbàárà bá mú kọ́kọ́rọ́ wá, tí eyín kan bá ṣòro fún mi láti gé, ṣé kí n fò ó ni?"

"Ẹ ṣáà wá ọ̀nà fún àwọn ọmọbìnrin Hémánì," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ wá ọ̀nà fún ara yín náà."

"Àwọn yẹn wà níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo bí wọn."

Ó kó aro rẹ̀, ó lọ sílé. Ó wá dà bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, tó sì mọ̀ pé òun náà lòun gé kọ́kọ́rọ́ tó tì í. Bó bá dúró, ó ti fo eyín, gbogbo ohun tó ti ń sọ fún wa ti di àwàdà. Bó bá lọ, ó di ẹni tí wọ́n ń na kọ́kọ́rọ́ sí láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ìsinmi.

Lọ́sẹ̀ náà, mo yà kí i nígbà tí mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Àwọn kọ́kọ́rọ́ tó ti bà jẹ́ wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Bọ́ọ̀sì kọjá, gbogbo ògiri ró wínníwínní. Kò gbé ọwọ́.

"Bùrọ̀dá, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹ lọ," mo wí.

"Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní wọ́n fẹ́ ni, ǹ bá ti bá wọn jà."

Ìyá àgbàlagbà kan wọlé, ni mo bá fẹ̀yìn rìn dé igun kan. Ó tú aṣọ ìnujú kan, ó yọ kọ́kọ́rọ́ irin ńlá kan jáde, irú èyí tí wọn ò ṣe mọ́.

"Ṣé ìyá nìyí àbí ọmọ, Màmá?"

"Ìyá ni. Ìyá-ìyá gan-an. Bá mi gé e fún àwọn ọmọ mi, kí kálukú ní tiẹ̀."

Ó yí i wò nínú iná. "Irú ilẹ̀kùn wo ló ń ṣí? Kọ́kọ́rọ́ yìí ti dàgbà."

"Ilé yẹn ti wó, ọmọ mi. Wọ́n ti la títì gba orí ẹ̀ kọjá."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fáìlì irin rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi ṣí?"

"Ṣí kẹ̀? Ta ló ní kí wọ́n ṣí nǹkan? Àbíkẹ́yìn mi ò bá ilé náà. Mo fẹ́ kó ní ohun tó máa dì mú tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀."

"Ọwọ́ máa ń yẹ̀ o, Màmá. Èyí tí mo bá gé kẹ́yìn lè má rí bí ìyá gẹ́lẹ́."

"Kí ló fẹ́ bà jẹ́?" Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣebí kò sí ilẹ̀kùn!"

Mo rò pé kò ní gbà. Ó gbà. Ó jókòó, ó sì gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wò ó dáadáa: ó fi ìṣọ́ra gé wọn ju bó ti ń gé ti ilé tó dúró lọ. Ó ń dì wọ́n mú lójú iná, ó ń wọn eyín wọn mọ́ ti ìyá, ó ń ha ibi tó ga díẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn kankan láyé tó máa mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo bá wọn nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ aṣọ funfun, ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ jà pẹ̀lú ohùn bọ́ọ̀sì. "Alẹ́ tí wọ́n máa mú Olúwa, Òun àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn Rẹ̀ kọrin kí wọ́n tó jáde. Pásítọ̀ ní ó jọ pé Sáàmù ni, ara èyí tí wọ́n ń kọ ní tẹ́ńpìlì. Yàrá òkè lásán ni wọ́n wà. Ta ló lu aro níbẹ̀? Ta ló gun àtẹ̀gùn?"

"Bó bá jẹ́ yàrá òkè ni, wọ́n gun àtẹ̀gùn."

"Bàbá wọn!"

"Olúwa sì lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún ni nígbà yẹn. Kò tíì tó àádọ́ta."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó kọjú sí mi. "Bá mi bá a sọ̀rọ̀." Mo ní mi ò sí níbẹ̀.

Kò wọ aṣọ funfun náà. Aṣọ tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ló wọ̀. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó rìn lọ bá onígbàjámọ̀ níwájú gbogbo ìjọ, ó kó aro méjèèjì lé e lọ́wọ́.

"Ìwọ ò tíì pé àádọ́ta."

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n lù."

"Wọn ò bí Ásáfù mọ́ ọn."

Ó wá lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún ẹni tó ń gba àwọn èèyàn lálejò pé kó lọ jókòó. Ó ṣàlàyé fún un pé àwọn ọmọ Kórà, akọrin ni wọ́n, olùṣọ́nà sì ni wọ́n. Ọkùnrin náà, tí kò mọ àwọn ọmọ Kórà rí, lọ jókòó.

Àkókò orin tó. Onígbàjámọ̀ gbé aro sókè. Kò sí ẹni tó wò ó. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ń wo ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn ìjọ lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dúró sí. Ọ̀gá báǹkì na ọrùn títí. Ìjọ rí i pé à ń wo ẹ̀yìn, àwọn náà yí padà. Ẹ̀yìn orí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ni Pásítọ̀ wá ń wò láti orí pẹpẹ. Ní tòótọ́, ìka ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbéra, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lára òpó ilẹ̀kùn, a sì bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn wa sì ṣọ̀kan ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Onígbàjámọ̀ di aro mú bí ẹni tó mú àwo méjì dání, tó ń dúró de oúnjẹ. Bàbá Tẹ́ńpìlì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin, ó sì ń darí gbogbo ilé láti ẹnu ọ̀nà.

Òun ló rí i kẹ́yìn. Ó wo ìka ara rẹ̀ bí ẹni tó bá kọ́kọ́rọ́ onílé mìíràn nínú àpò rẹ̀. Ó bọ́ síta, ó pa ilẹ̀kùn dé, a sì gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí. Ó ti tì wá mọ́lé, tọmọdé tàgbà, tòun ti Pásítọ̀.

Orin kú sí wa lẹ́nu. Kì í ṣe Sélà, ìdákẹ́jẹ́ gidi ni. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́. Mo rò ó pé báyìí ni tẹ́ńpìlì àtijọ́ náà ṣe máa dákẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n jó o tán.

Lójijì, Màmá ìjókòó iwájú gbé ohùn sókè. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ègbè náà ló dá, pé àánú Rẹ̀ kò lópin. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì bá èyíkéyìí mu nínú ohùn mẹ́rin tí ẹgbẹ́ akọrin wa ń kọ. Ẹnì kan bá a gbè é. Ìjókòó kan bá a gbè é. Kí a tó mọ̀, gbogbo ilé ti ń kọ ọ́, àwa akọrin la wá ń sáré tẹ̀lé ìjọ. Onígbàjámọ̀ gbá aro pọ̀ níbi tí kò yẹ, ó tún gbá a níbi tí kò yẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ áltò, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀lú ojú tí kò yí padà, bí ẹni pé bọ́ọ̀sì ló ń kéde.

Nígbà tí ìsìn parí, ó ṣílẹ̀kùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Ó dúró sínú oòrùn, kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Látìgbà náà, ibẹ̀ náà ló ń dúró sí, ẹ̀gbọ́n mi ló ń darí wa, wọ́n sì ti gbé àwòrán àádọ́ta ọdún náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kó lè máa bá a ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

"Kí lẹ gbọ́, Bùrọ̀dá?"

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀." Ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sápò. "Ṣé o mọ̀ pé mi ò gbọ́ wa rí? Àárín yín ni mo máa ń wà. Ẹni tó wà láàárín, ariwo ló ń gbọ́."

"Ṣé ó ń jáde dé ìta?" Mo bi í bí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn lásán. "Ohùn wa. Ṣé ẹni tí kò sí nínú ilé, tí a ò rí, ṣé ó lè gbọ́ ọ?"

Ó wojú mi. Bóyá ó mọ ohun tí mò ń bi, bóyá kò mọ̀.

"Ó ń jáde," ó wí. "Ó ń jáde dáadáa. Ibí ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ jù."

Ọkàn mi balẹ̀. Mo fẹ́ ṣí ẹnu dúpẹ́, ó bá fi kún un:

"Báàsì ń wọ́ nílẹ̀. Láti ẹsẹ kejì títí dé òpin. Ìwọ ni."

Mo ti ń gbàdúrà láti ìgbà pípẹ́ pé kí n rí àmì kan péré pé wọ́n ń gbọ́ mi. Ó jọ pé wọ́n ti ń gbọ́ mi.